Kí o tó gba owó ọmọ ọlọ́mọ

Akínwándé, ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ máa bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin wá físà àti iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Lẹ́bánónì. N kò kọ̀wé yìí láti bú ọ. Mo mọ̀ pé o kì í ṣe gbájúẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò ni pé, nínú òwò yìí, inú rere rẹ nìkan kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ètò tí wọ́n ń pè ní kafala ló ń darí iṣẹ́ náà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ọ̀gá kan ṣoṣo ni ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ rọ̀ mọ́. Bí ó bá sá kúrò nílé náà, ìbáà jẹ́ nítorí ìyà, ìbáà jẹ́ nítorí owó oṣù tí wọn kò san, ó ti di arúfin nìyẹn. Ọlọ́pàá lè mú un, wọ́n sì lè tì í mọ́lé. Òfin iṣẹ́ Lẹ́bánónì ti ọdún 1946 yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé sílẹ̀, nítorí náà ààbò tí òfin náà fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù kò kan ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀gá tó jẹ́ ọmọlúàbí lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Èyí tí kì í ṣe ọmọlúàbí ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé ọmọbìnrin Nàìjíríà kan sórí Facebook pé òun fẹ́ tà á ní 1,000 dọ́là, ó sì fi àwòrán pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí i. Ìjọba ibẹ̀ mú ọkùnrin náà, wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè bí pásípọ́ọ̀tù ẹni ẹlẹ́ni ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, iléeṣẹ́ ìjọba Lẹ́bánónì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbé ìwé àdéhùn tuntun jáde, tí ọmọ ọ̀dọ̀ fi lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgba àṣẹ ọ̀gá. Kò pé oṣù méjì tí ilé ẹjọ́ fi dá a dúró. Ta ló gbé e lọ sílé ẹjọ́? Ẹgbẹ́ àwọn àjẹ́ńtì ni, àwọn tí ẹ ó jọ máa ṣòwò.

O lè sọ pé ebi ń pa àwọn ọmọ yìí nílé, pé owó tí àwọn kan fi ránṣẹ́ ti rán àbúrò lọ sí iléèwé. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé kí wọ́n má lọ, nítorí ìfòfindè kì í dá wọn dúró. Ìjọba Etiópíà fòfin de irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2013, ó di 2018 kí wọ́n tó mú un kúrò. Ní gbogbo àkókò náà àwọn obìnrin ṣì ń lọ, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n ń gbà, láìsí ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́ wọn.

O tún lè sọ pé físà nìkan ni tìrẹ, pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún kò kàn ọ́. Àwọn àgbà kò gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè Philippines náà kò gbà á. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti sọ pé àjẹ́ńtì àti ọ̀gá ni yóò jọ ru gbèsè òṣìṣẹ́. Bí ọ̀gá lọ́hùn-ún kò bá sanwó, obìnrin náà lè pe àjẹ́ńtì lẹ́jọ́ nílé. Ìyà kò tíì tán lórí àwọn ọmọ wọn, ṣùgbọ́n àjẹ́ńtì tó mọ̀ pé àpò òun ni owó náà yóò ti jáde yóò wádìí ọ̀gá kó tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, nítorí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti máa kó òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun láìní in. Àdéhùn tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lórí ọmọ ọ̀dọ̀ ní ọdún 2011 sọ pé kí òṣìṣẹ́ ti gba ìwé àdéhùn kó tó kọjá ẹnubodè, kí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, ní èdè tí ó lè kà. Kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ sì fọwọ́ sí i pé, bí wọn kò bá san owó oṣù rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá lù ú, ẹ̀yin ni ẹ ó san owó náà àti owó ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé e padà wálé. Ọ̀rẹ́ rẹ yóò sọ pé èrè kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Èrè tí kò bá lè gba èyí mọ́ra, ara ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ kò bá gbà láti fọwọ́ sí i, fi òwò náà sílẹ̀ fún un, kí o sì dá owó tí ẹ bá ti gbà padà. Jọ̀wọ́, fún mi lésì kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.