Ẹ Bi Olùdámọ̀ràn Yín Léèrè Ọdún Tó Ṣe Ìdánwò

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, olùdámọ̀ràn kò wọ́n yín lónìí. Kí ẹ tó wọ wọ́ọ̀dù rárá ni ẹ̀gbọ́n kan lórí WhatsApp ti ń júwe bí ẹ ó ṣe já pa, tí ajẹ́ńtì sì ti ń dá owó lé e. Ẹ gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ fura: ìmọ̀ràn máa ń bàjẹ́ bí oògùn inú páálí, àfi pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sí i lára.

Ẹ wo USMLE, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó ṣe é ní 2018 yóò ní kí ẹ fi gbogbo agbára lépa máàkì gíga nínú Step 1. Òótọ́ ni, nígbà tirẹ̀. Láti Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, wọn kì í fún ẹni tó yege ní máàkì mọ́. Step 2 CK ni àwọn ilé ìwòsàn ń wo máàkì rẹ̀. Ẹni náà tún lè ní kí ẹ máa tu owó ọkọ̀ òfuurufú jọ fún Step 2 CS, ìdánwò tí wọ́n ti pa tì pátápátá ní 2021. Kò purọ́ o. Ayé ló yí, tí kò gbọ́.

Ti Ìlú Ọba tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ti yege PLAB, ìdánwò tiwọn níbẹ̀, tí orúkọ wọn ti wọ ìwé GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀, síbẹ̀ tí wọ́n ń wáṣẹ́ kiri, nítorí àwọn tó ń du àyè kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Ìjọba ibẹ̀ sì ti kéde ní 2025 pé àwọn tó kàwé lọ́dọ̀ àwọn ni àwọn yóò kọ́kọ́ fún láyè ìkọ́ṣẹ́ àkànṣe. Manchester sì ni wọ́n ti ń ṣe PLAB 2: ẹ ṣírò owó físà àti ọkọ̀ kí ẹ tó yáwó.

Ìmọ̀ràn lórí ẹ̀ka ìṣègùn tí ẹ ó yàn ni kì í tètè bàjẹ́ bíi ti ìdánwò. Ẹ bi kọnsọ́ltáǹtì yín, kí ẹ sì bi rẹ́jísírà tó jí mọ́jú lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni yóò sọ bí iṣẹ́ abẹ ṣe ń ṣe oorun àti ilé ẹni, torí ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó fi nǹkan pa mọ́ lọ.

Ẹni tó bá ń ta ìbéèrè ìdánwò lórí Telegram, ẹ sá fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, USMLE fagi lé èsì ọ̀pọ̀ dókítà tó ní í ṣe pẹ̀lú Nepal, torí wọ́n fura pé ìbéèrè ti jò sí wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí ajẹ́ńtì tó ní òun yóò mú ọmọ yín wọ Match, ètò tí wọ́n fi ń pín dókítà sí ilé ìwòsàn fún ìkọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà ló ń fi ohun tí dókítà yàn wé ohun tí ilé ìwòsàn yàn, èsì sì ń jáde ní Oṣù Ẹrẹ́nà. Ajẹ́ńtì kankan kò lọ́wọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì tí ọmọ yín fi wọ Match, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀.