Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: OHUN TÍ MO RÍ NÍ ILÉ BÚRẸ́DÌ KAN NÍ ÀJÀṢẸ́

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí búrẹ́dì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oúnjẹ sísè ni mo fẹ́ kọ́ yín o. Ọ̀rọ̀ owó ni.

Ẹgbẹ́ kan wà ní agbègbè tí mo ń bójú tó, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kó owó jọ, wọ́n dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo yẹ ìwé ètò wọn wò kí ìpàdé gbogbogbòò tó fọwọ́ sí i. Mo wo owó ààrò, mo wo owó ọkọ̀, mo wo owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pé. Kò tó ọdún méjì tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́, tí owó ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà, dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó bi mí pé, "Ọ̀gá, búrẹ́dì tí à ń rí tí wọ́n ń kó jáde lójoojúmọ́, báwo ló ṣe wá jẹ gbèsè?" N kò rí èsì gidi kan fún un. Mo ní a ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn tún kọ̀wé pé àwọn náà fẹ́ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn padà sí mi lọ́kàn. Ó ṣe kòńgẹ́ pé mo ní ìnáwó òkú kan láti lọ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin. Mo gba Ìdí-Ìrókò kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo tọ òórùn búrẹ́dì lọ sí ẹ̀yìn ilé tí a wọ̀ sí.

Ẹ ó rántí pé ilẹ̀ Faransé ló ṣàkóso ibẹ̀ títí di 1960, nítorí náà búrẹ́dì wọn kò jọ tiwa. Tiwa tí à ń pè ní búrẹ́dì Agége rọ̀, ó dùn, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń yí i kí inú rẹ̀ lè ki. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó sọ iṣẹ́ náà di ńlá ní Èkó láti àwọn ọdún 1920. Tiwọn gùn bí ọ̀pá, èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ sì ní ihò. Baguette ni wọ́n ń pè é.

Bàbá tó ni ilé búrẹ́dì náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ará Kétu ni ìyá rẹ̀, Yorùbá sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ iṣẹ́ mi fún un, mo sì yọ ìwé mi síta. Ó wo ìwé náà, ó wò mí. "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe agbowó-orí ni ọ́?" Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé àpótí fún mi láti jókòó.

Nǹkan mẹ́rin péré ló wà nínú búrẹ́dì náà: fúláwà, omi, iyọ̀ àti yíìsì. Kò sí ṣúgà, kò sí bọ́tà. Bàbá a máa fi díẹ̀ lára àpòpọ̀ àná sínú ti òní. Ohun tí Bíbélì pè ní ìwúkàrà nìyẹn, ó sì ní òun ló ń fún un ní adùn. Wọ́n á pò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó wú, wọ́n á gé e, wọ́n á fi ọwọ́ yí i gbọọrọ, wọ́n á tún fi í sílẹ̀. Kó tó wọ ààrò, wọ́n á fi abẹ là á lára bí ẹni ń kọlà, kó lè rí ibi gbà wú. Wọ́n á jẹ́ kí oru omi wọ inú ààrò kí èèpo má tètè le. Kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-dín-lọ́gbọ̀n lọ tó fi jinná. Bí wọ́n ṣe kó o jáde, mo gbọ́ tí èèpo rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bó ṣe ń tutù. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin 1993 kan sọ pé ẹni tó bá fẹ́ pe búrẹ́dì rẹ̀ ní ti ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àpòlù kẹ́míkà kankan sí i. Ní 2022, UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníbaguette sínú ìwé àwọn àṣà tó yẹ ní pípamọ́. Àwa náà ní òfin tiwa: NAFDAC ti fi òfin de potassium bromate nínú búrẹ́dì, kí ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe é má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wọ́n.

Ibi tí mo ti la ojú ni ibi tí wọ́n ti ń gé e. Gbogbo ẹyọ tí ọmọ iṣẹ́ bá gé ló ń kọjá lórí òṣùwọ̀n. Bàbá mú ọ̀kan, ó gbé e sí i: 370 gíráàmù. Ó já díẹ̀ kúrò títí ó fi di 350. Mo ní, "Bàbá, ṣé ogún gíráàmù náà tó nǹkan?" Ó ní, "Ìwọ tí o ní ìwé lọ́wọ́, ṣírò ó."

Mo ṣírò ó. Àpò fúláwà kan jẹ́ kílò 50. Omi kílò 32.5 ló pò ó, iyọ̀ 900 gíráàmù, yíìsì 500 gíráàmù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 83.9. Bí a bá gé e ní 350 gíráàmù, búrẹ́dì 239 ni yóò jáde nínú àpò kan. Bí a bá gé e ní 370, 226 péré ni. Búrẹ́dì 13 ti lọ nínú àpò kan, kò sí ẹni tó jí i, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Ilé búrẹ́dì tó bá ń lo àpò márùn-ún lóòjọ́ pàdánù 65. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, 390. Ní ilé búrẹ́dì ẹgbẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ojú ni wọ́n fi ń gé e. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí òṣùwọ̀n níbẹ̀ rí, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè.

Èyí tó tún kù burú ju ìyẹn lọ. Bàbá gbé baguette tó ti jinná sórí òṣùwọ̀n: 250 gíráàmù. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù ti lọ. Omi ni, ààrò ti gbé e. Ara mi bù máṣọ. Ìdí ni pé nínú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa yẹn, mo ti kà á pé wọ́n lé ọkùnrin tó ń bójú tó ààrò lọ, nítorí akọ̀wé wọn àpòpọ̀ lálẹ́, ó wọn búrẹ́dì láàárọ̀, kò sì dọ́gba. Wọ́n pè é lólè. Búrẹ́dì inú páànù tiwa kì í pàdánù tó ti àwọn ará Àjàṣẹ́, nítorí páànù bò ó lára, ṣùgbọ́n dandan ni kó pàdánù. Mo fọwọ́ sí ìwé ìpàdé yẹn nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ wọn pé kí wọ́n pe ọkùnrin náà, kí wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Wọn kò tíì fèsì títí mo fi ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ló kàn. Búrẹ́dì tí kò ní ṣúgà tí kò ní bọ́tà kì í pẹ́ gbẹ. Mo ra mẹ́rin fún àwọn ará ilé mi. Kí n tó padà dé Ìdí-Ìrókò lọ́jọ́ kejì, ó ti le bí igi. (Kí n sọ òótọ́, búrẹ́dì tiwa pẹ̀lú ẹ̀wà aganyin ṣì ni mo fẹ́ràn jù.) Nítorí pé kì í pẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ń ṣe é lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, fún àdúgbò rẹ̀ nìkan. Àwọn obìnrin tó ń gbé e kiri a máa sanwó kí wọ́n tó gbé agbọ̀n. Èyí tó bá kù, a gbẹ ẹ, a lọ̀ ọ́, a tà á fún àwọn tó ń fi í din ẹja. Tiwa tó rọ̀ ń lo ọjọ́ mélòó kan, ohun tó sì pa ilé búrẹ́dì ẹgbẹ́ yẹn nìyẹn: nítorí pé ó ń pẹ́, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ìlú mẹ́fà, wọ́n ń gbé e fún àwọn alátà láwìn, wọ́n sì ń gba èyí tó bu padà. Orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n ní owó kún odidi ìwé kan.

Ẹ ti gbọ́ ìtàn àwọn ahunṣọ Rochdale lẹ́nu wa tipẹ́. Ní December 1844 tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn, fúláwà wà lára ohun díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tà, wọn kì í sì í ta àwìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí wọ́n dá ilé búrẹ́dì alájẹṣẹ́kù Vooruit sílẹ̀ ní 1880, tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ ra àmì tó dúró fún owó, àmì yẹn ni yóò fi gba búrẹ́dì. Owó ti wọlé kí wọ́n tó ra fúláwà. Èrè tó bá jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́, àmì náà ni wọ́n fi ń san án, yóò sì tún padà fi ra ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́. Láti inú búrẹ́dì ni wọ́n ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn ńlá láàárín 1911 sí 1914, gbọ̀ngàn náà sì wà níbẹ̀ dòní.

N kò sọ pé kí ẹgbẹ́ tó kọ̀wé sí mi má dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Ohun tí mo dá padà fún wọn ni ìwé ètò wọn, mo sì ní kí wọ́n fi ojú ìwé kan kún un. Kí ẹgbẹ́ yòówù tó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe é kí ìpàdé wọn tó ń bọ̀ tó pé. Ẹ ra àpò fúláwà kan, ẹ yá ààrò ẹnìkan. Ẹ wọn gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀, ẹ wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó tó wọ ààrò, ẹ tún wọn ọ́n nígbà tó bá tutù. Ẹ kọ iye tó jáde, iye tí wọ́n rà lówó lọ́wọ́, àti iye tó kù sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Kí akápò àti ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí kì í ṣe ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni n ó kọ́kọ́ béèrè nígbà tí mo bá dé, n ó sì gbé òṣùwọ̀n tèmi dání.