Ta Ló Ń Jẹ́ “A” Nínú Bọ́ọ̀lù Èkó?

Lọ́sàn-án Sátidé tí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń lọ, ẹsẹ̀ kì í gbèrò nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Mushin. Pátákó dúdú kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti fi ẹfun kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kojú ara wọn sí, owó ìwọlé á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo lẹ́yìnkùlé. Bí bọ́ọ̀lù Arsenal bá wọ àwọ̀n, gbogbo ilé á fò sókè: “A ti nà wọ́n!” Bó bá yíwọ́: “Wọ́n ti nà wá!” Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìgbà tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ dé àríwá Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí Arsenal fi ṣelé. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà léèrè bí Sporting Lagos, tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Oníkan, ṣe ṣe sí. “Àbí wọ́n tún ti fìdí rẹmi ni?” ni yóò wí.

Ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, “a”. Ti Èkó, “wọ́n”.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ń lò bíi pé ìbejì ni wọ́n, ibẹ̀ sì ni àlàyé “a” àti “wọ́n” yìí fara pamọ́ sí. Ikọ̀ ni ọ̀kan, ẹgbẹ́ ni èkejì. Nínú ìròyìn aago méje, “ikọ̀ Remo Stars” ni. Kó tó di aago mẹ́jọ, ó ti di “ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars”. Wọn kì í ṣe ìbejì. Wọn ò tilẹ̀ bá ara wọn tan.

Ikọ̀ ni ẹni tí a rán níṣẹ́. Láyé àtijọ́, ọba ló ń rán ikọ̀. Láàfin Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ló ń jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Aláàfin. Lóde òní, ikọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn, ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń lé adigunjalè, ikọ̀ tí ìjọba rán lọ sípàdé lókè òkun, gbogbo wọn ló lẹ́ni tó rán wọn. Bí iṣẹ́ bá parí, ikọ̀ á tú ká. Ẹgbẹ́ ní tirẹ̀ kò lọ́gàá tó rán an níṣẹ́. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló pe ara wọn jọ: wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n ń bá ara wọn sòkú, wọ́n ń wọ ẹgbẹ́jọdá. Ọmọ ẹgbẹ́ ló lẹ́nu láti sọ pé “a”. Nítorí náà, àwọn mọ́kànlá tó wà lórí pápá ni ikọ̀. Ẹgbẹ́ ló rán wọn wá síbẹ̀. “Ikọ̀ náà fẹ̀yìn àlejò wọn gbálẹ̀” dára lọ́rọ̀. “Ikọ̀ náà ra ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ pápá” kù díẹ̀ káàtó. Ikọ̀ kì í ra ilẹ̀.

(Ẹ dákun, ẹ má fi àmì ohùn ṣeré. Ikọ́ ni àìsàn tó ń múni húkọ́; ẹni tó bá kọ “ikọ́ Super Eagles” ti rán àwọn agbábọ́ọ̀lù wa lọ sọ́sibítù. “Ife ẹ̀yẹ” ni wọ́n ń jìjàdù fún. “Ife ẹyẹ” ni ohun tí ẹyẹ fi ń mumi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí a fi idì sọ lórúkọ lè rí i lò.)

Ẹ wáá fi ojú yìí wo bọ́ọ̀lù Èkó. Railway, àwọn ará Èbúté Mẹ́tà nítòsí Yaba, gba ife ẹ̀yẹ àpapọ̀ Nàìjíríà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín 1948 sí 1964. ECN, ilé iṣẹ́ mànàmáná, gbà á ní 1960, 1965 àti 1970, kí orúkọ tó yí padà sí NEPA. Julius Berger, àwọn oníṣẹ́ títì àti afárá, gba líìgì ní 1991 àti 2000. Báńkì náà kò gbẹ́yìn: ACB wà níbẹ̀, First Bank wà níbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tí àwọn wọ̀nyí sì wò ni ọ́fíìsì. Kò sí ìlú kankan nínú orúkọ wọn. Ikọ̀ gidi ni wọ́n: ilé iṣẹ́ rán wọn níṣẹ́ ẹrú, wọ́n sì fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó rán wọn rí nǹkan mìíràn fowó ṣe, iṣẹ́ parí. Lónìí, kò sí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí nínú líìgì àgbà.

Ọdún 1972 ni líìgì gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn náà ni iṣẹ́ parí lórí pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Surulere. Ní 1990 ni wọ́n kéde pé ó di líìgì àwọn “akọ́ṣẹ́mọṣẹ́”, Iwuanyanwu Nationale láti Owerri ló sì kọ́kọ́ gbégbá orókè nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, dùn létí, àmọ́ ó ń tanni. Káfíńtà tó kọ́ṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò dárúkọ owó. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá sì ti kún Mushin kó tó di 1990, kò sẹ́ni tó kéde fún wọn. Ohun tó yí padà lọ́dún náà ni pé eré di iṣẹ́, ohun méjì tí gbogbo ìyá Yorùbá fi ẹnu pààlà sí láàárọ̀ kùtù: “Fi eré sílẹ̀, wá ṣiṣẹ́!” Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò fi ṣe rẹ́gí ju ti oníròyìn lọ. Wọn kì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Wọ́n á ní, “Bọ́ọ̀lù ló fi ń jẹun.” Líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, ó gùn díẹ̀, òótọ́ sì ni. Lóṣù tí owó oṣù kò bá wọlé, tí ìyẹn sì ń ṣẹlẹ̀ dáadáa nínú líìgì wa, wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù gbààwẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀kan wà tó da gbogbo àlàyé yìí rú. Israel Adébájọ̀, oníṣòwò ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, ló ni Stationery Stores. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni! Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968. Lọ́dún yẹn náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn wà lára àwọn tó bá Nàìjíríà lọ sí Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti ta ọ̀mì mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú Brazil. (Ọ̀mì, ẹ jẹ́ ká rántí, ìdí ọpọ́n ayò la ti rí i. Kò sí ìdí láti sọ pé “wọ́n ṣe déédéé”.) Adebajo Babes làwọn olólùfẹ́ ń pè wọ́n, bí Abẹ́òkúta ṣe ní Abiola Babes lẹ́yìn náà, tí àwọn MFM sì di Olukoya Boys nítorí olùdásílẹ̀ ìjọ wọn. Ẹ ò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ, Yorùbá ni ìrònú tó wà nídìí rẹ̀? Ọmọ Lágbájá ni. Ikọ̀ tó ní bàbá.

Bàbá yẹn kú ní 1969. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe ikọ̀, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ife ẹ̀yẹ tún wọlé ní 1982 àti 1990, wọ́n gba líìgì ní 1992, èrò sì ń tẹ̀ lé wọn lọ síbi tí wọ́n bá ń lọ. Láìsí ẹni tó rán wọn níṣẹ́, Stores ti di ẹgbẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ n’Íbàdàn nìyẹn náà. WNDC ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n di IICC, wọ́n wáá di Shooting Stars. Iléeṣẹ́ ìjọba méjì ni orúkọ wọn ti kúrò lára aṣọ. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1976, wọ́n tún gba òmíràn ní 1992. Ará Ìbàdàn kò bìkítà fún orúkọ. “Shooting” ni, “wa” ló sì máa ń tẹ̀ lé e: “Shooting wa.”

Ní báyìí, orúkọ ìlú ti ń padà bọ̀. Shola Akinlade, ọ̀kan lára àwọn tó dá Paystack sílẹ̀, dá Sporting Lagos sílẹ̀ ní 2022. Wọ́n gòkè sí líìgì àgbà ní 2023, wọ́n já wálẹ̀ ní 2024. Ọdún tí wọ́n já ni Ikorodu City gòkè. Remo Stars, tó ru orúkọ gbogbo Rẹ́mọ, ló gba líìgì ti 2024/25. Ṣé kí oníròyìn máa pe àwọn wọ̀nyí ní “Sporting Èkó” àti “Ìlú Ìkòròdú”? Rárá o. Orúkọ tí olórúkọ fún ara rẹ̀ la fi ń pè é.

Àmọ́ Èkó wo gan-an ni? Ará Surulere tó bá fẹ́ gba orí afárá kọjá á ní, “Mò ń lọ sí Èkó.” Mushin náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu àwọn àgbàlagbà Mainland, odò ló pààlà sí Èkó, ìhà kejì rẹ̀ ló wà. Oníkan, níbi tí Sporting Lagos ti ń gbàlejò, Èkó ni lóòótọ́; àwọn tó lè kún pápá náà sì ń sùn ní ìhà ìhín. Pápá ńlá tó wà ní ìhà ìhín ọ̀hún, tí Nàìjíríà ti na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo ní 1980, àtúnṣe rẹ̀ ti pẹ́ kọjá sísọ. Surulere, Sùúrù-lérè: àfi bíi pé orúkọ àdúgbò ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

“Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù” náà fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló túmọ̀ sí. Ibo la wáá fi ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó wà lẹ́nu géètì sí, àti onílù, àti ọmọ tó ń sáré gbé bọ́ọ̀lù, àti ẹni tó san owó ìwọlé? “Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù” kúrú, ó sì gba gbogbo wọn. Ní Yaba, létí Tẹ́júoṣó, ẹ̀rí rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́: jẹ́sì ni wọ́n so kọ́ sókè níbẹ̀, pupa Arsenal, búlúù Chelsea, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì bí ankò tí wọ́n sá sí òòrùn. Ẹgbẹ́jọdá ni. Ẹni tó rà á ti sanwó kó tó lè sọ pé “a”.

Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ti àwọn bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ní Surulere, ẹ dárúkọ Stores. Orúkọ Haruna Ilerika, agbábọ́ọ̀lù Stores, á jáde, ẹ̀yin ò ní béèrè. Wọ́n á fi ọwọ́ júwe bó ṣe ń gé èèyàn, bọ́ọ̀lù á kọjá sọ́tùn-ún, òun fúnra rẹ̀ á gba òsì. Kò sí Stores nínú líìgì àgbà mọ́. Ọ̀kan nínú wọn á ní, “Ọdún yẹn, a dára púpọ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá wa dúró.”