Kí A Tó Dá Rédíétọ̀ Lẹ́bi

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ṣì ń wa Píjò 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, ń ṣe ní Òkè-Ògùn nìyí. Bí ooru oṣù Ẹrẹ́nà bá ti mú, tí ọkọ̀ ń ti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí bọ̀ wá sí Ṣakí ilé Àsabàrí, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó, rédíétọ̀ ni a ó yọ lọ fún ẹni tí yóò jó o, a ó sì ju tẹmosítáàtì nù, bẹ́ẹ̀ táímìnnì, ìyẹn àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ṣẹ́, ni ó yẹ̀.

Iná púlọ́ọ̀gì ní láti ṣẹ́ díẹ̀ kí písítìnnì tó dé òkè pátápátá, kí agbára epo tí ó jó lè tì í sísàlẹ̀ lásìkò. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó ṣẹ́, epo yóò ṣì máa jó nígbà tí ó yẹ kí ó ti parí iṣẹ́, ooru tí ìbá di eré yóò wọ ara sìlíńdà lọ, omi a sì máa hó fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Bí ó bá sì yá jù, ẹ ó gbọ́ ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Ìyẹn burú jù, nítorí a máa ba písítìnnì jẹ́. Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá kò ní rédíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ní í tù ú, síbẹ̀ a máa gbóná bí táímìnnì rẹ̀ bá yẹ̀. Kí ni a ó wá yọ jó lára tirẹ̀?

Láti tún táímìnnì ṣe, ẹ kọ́kọ́ wo kọ́ńtáàtì inú dísìtíríbútọ̀, nítorí bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹ, àlàfo rẹ̀ yóò kéré ju mìlímítà 0.4 tí ó yẹ kí ó jẹ́ lọ, táímìnnì yóò sì máa pẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dé ojú àmì tí ìwé ọkọ̀ sọ, ẹ so gílóòbù kékeré mọ́ wáyà tí ó ti kọ́ìlì wá sí dísìtíríbútọ̀, ẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mọ́ bọ́dì ọkọ̀, ẹ ṣí iná, kí ẹ wá máa yí dísìtíríbútọ̀ náà. Ibi tí gílóòbù bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ni kí ẹ dè é sí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n: ìwọ̀nba ìyípadà díẹ̀ ti pọ̀ jù.

Èmi kò sọ pé rédíétọ̀ kì í dí. Fáánù Píjò pàápàá, tí mágínẹ́ẹ̀tì oníná ń mú yí nígbà tí omi bá gbóná, a máa kọ iṣẹ́ bí kábọ́ọ̀nù kékeré tí ń gbé iná fún un bá jẹ tán. Tẹmosítáàtì ní tirẹ̀, ẹ dá a padà síbẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó a máa jẹ epo, a sì máa tètè gbó. Bí omi bá sì hó lójú ọ̀nà, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítorí orí ẹ́ńjìnnì 504, tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe, a máa wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ògún Lákáayé, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín yẹ táímìnnì wò kí ó tó fọwọ́ kan rédíétọ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.