Ṣé Jẹjẹrẹ Ló Ń Fa Inú Tó Ń Run Ún Lóṣooṣù?

Ajégúnlẹ̀ ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni obìnrin tó kọ ọ́. Lọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníbàárà gbẹ́rù jáde ní èbúté Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dé, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ á máa run ún, ẹ̀yìn á máa ro ó, á tún máa bì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í jẹ́ kó dé ibi iṣẹ́. Àǹtí rẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó sì ra àgbo fún un. Ìyá rẹ̀ ní bó bá ti bímọ, ó parí. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní kó yáa sáré lọ ṣàyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ta ni kóun gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó ń bèèrè nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ló já a láyà jù, nítorí náà ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Inú rírun nǹkan oṣù kì í ṣe àmì jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Nígbà tí jẹjẹrẹ yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú, kì í dun ẹnikẹ́ni rárá, ìdí gan-an tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò ẹni tí ara rẹ̀ le koko nìyẹn. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fà á. Harald zur Hausen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó tú àṣírí yìí, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2008. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ń bá ràn, ó sì wọ́pọ̀ débi pé kò yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú. Ara ọ̀dọ́ sábà máa ń lé e dànù fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ló ń ṣe ibi, ó sì lè gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ lára ẹni tó ní ìlera.

Ìdí rèé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọmọ ọdún 30, àti ní 25 bó bá ní HIV. Ní Bìrìtìkó, ọdún 25 ni wọ́n ti ń pe gbogbo obìnrin. Ọ̀gá náà kò fẹ́ ibi fún un. Ó kàn yára jù ni. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní méjìlélógún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí kòkòrò tí ara rẹ̀ ì bá lé lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí láàárín oṣù sí oṣù, tàbí tí omi olóòórùn ń jáde lójú ara, kò sí ọ̀rọ̀ pé ọjọ́ orí kò tíì tó. Kó lọ rí dókítà.

Inú rírun náà ńkọ́? Ilé ọmọ ló máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin ló sì ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Bí èròjà yìí bá pọ̀ jù, inú á run, èébì á máa gbé ni, ìgbẹ́ á tún máa yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Oògùn bí ibuprofen ń dín in kù, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí wọ́n bá lò ó gbàrà tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ ẹ̀fúùfù (asthma) tàbí àìsàn kíndìnrín, tàbí tó fura pé òun lóyún, gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ oníṣègùn kó tó fọwọ́ kàn án. Omi gbígbóná nínú ike, tí wọ́n fi tówẹ̀lì wé lé ìsàlẹ̀ ikùn, ń ṣèrànwọ́ gan-an. Àgbo àǹtí ńkọ́? Ojú ihò ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí ń bá jà, kò kan ilé ọmọ. Ọtí tí wọ́n sì fi ń rẹ òmíràn nínú wọn kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń bì yẹ kó máa mu.

Síbẹ̀, ìrora tó ń dá èèyàn dúró nílé lóṣooṣù kì í ṣe ohun àmúmọ́ra. Ó lè jẹ́ fibroid, ó sì lè jẹ́ endometriosis, ìyẹn kí ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ máa hù níta rẹ̀. Bíi obìnrin kan nínú mẹ́wàá tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní i. Nike Oshinowo, tó ti gba adé Miss Nigeria rí, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ó bá òun fínra láti ìgbà èwe. Ọmọ bíbí kì í wò ó sàn, nítorí náà ìmọ̀ràn ìyá náà kò ṣeé gbára lé. Ọmọ kì í ṣe oògùn inú rírun.

Kó lọ sí ọsibítù ìjọba tó wà ní Ajéròmi tàbí ti Àpápá, kó kọ ọjọ́ tí ìrora ń bẹ̀rẹ̀ àti iye páàdì tó ń lò sílẹ̀, kó mú un dání. Bí kò bá tíì ní ìbálòpọ̀ rí, kó sọ bẹ́ẹ̀: orí ikùn ni wọ́n lè ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán ilé ọmọ rẹ̀, láìki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lójú ara. Àwòrán tó mọ́ kò sì fi hàn dájú pé endometriosis kò sí. Bí ìrora kò bá lọ, kó ní kí wọ́n darí òun sọ́dọ̀ dókítà àwọn obìnrin ní LUTH, Ìdí-Àràbà.

Ó tún mẹ́nu kan àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ HPV kàn jù báyìí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ba ilé ọmọ jẹ́, kò sì dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Àmọ́ bí àbúrò náà bá gbà á, òun náà á ṣì ṣàyẹ̀wò bó bá pé ọgbọ̀n ọdún, nítorí kì í ṣe gbogbo irú HPV ni abẹ́rẹ́ náà ń dènà.