Ta ni ọwọ́ ẹ̀yìn, ta ni olùgbèjà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Kubwa fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fún olóòtú." Ìwé ìròyìn kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn ń ṣe ló kọ ọ́ fún. Inú mi dùn pé Yorùbá ló fi kọ ọ́, nínú ìlú Abuja níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ni ojú mi dúró lé: "Rumun Ndur jẹ́ olùgbèjà họ́kì yìnyín."

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe ni kí á kọ́kọ́ wò. Zaria ni wọ́n bí Ndur sí ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1975, ìlú Hearst ní Òǹtáríò, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ló sì dàgbà sí. Ní 1994, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣa ọ̀dọ́ agbáhọ́kì, Buffalo Sabres mú un. Òun ni ẹni 69 tí wọ́n pè lọ́dún náà. Ó wọ NHL, líìgì họ́kì orí omi dídì tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, ní sáà 1996 sí 1997. Kò sí ẹni tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó lọ sí New York Rangers, ó tún lọ sí Atlanta Thrashers, kó tó wá kọjá sí Yúróòpù. Ìdíje 69 ló gbá ní NHL, góòlù méjì péré ló sì gbá wọlé.

Ẹ má fi góòlù méjì yẹn dá a lẹ́jọ́. Ènìyàn mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kan máa ń ní lórí pápá: aṣọ́lé kan, ọwọ́ iwájú mẹ́ta, ọwọ́ ẹ̀yìn méjì. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni Ndur. Tirẹ̀ ni láti pàdé ẹni tó ń sáré bọ̀ kó tó débi tí aṣọ́lé wà, kó fi èjìká rọ́ ọ mọ́ ògiri, kó sì gbé ara rẹ̀ dínà rọ́bà líle pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, àní bó bá gba kó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

A ti ní orúkọ fún ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò Yorùbá mọ ọwọ́ iwájú, ó mọ ọwọ́ ẹ̀yìn, ó mọ aṣọ́lé. Kí ló dé tí ọmọ mi fi wá olùgbèjà lọ? Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà lójú nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọ Yorùbá. Ẹ wo inú gbèjà: gbà wà níbẹ̀, ìjà náà wà níbẹ̀. Ìjà ti ń lọ, tàbí ẹnì kan ti fìyà jẹ ẹlòmíràn, ni ẹnì kẹta fi gba ìjà náà ṣe tirẹ̀. Bí a ṣe ń pe lọ́yà ní agbẹjọ́rò náà nìyẹn: ẹjọ́ ẹlòmíràn ló gbà tó ń rò. Ẹni tó dúró sí ẹ̀yìn pápá kò tíì gba ìjà ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣọ́ ilé ni, ó ń dínà.

Síbẹ̀, mo ní láti sọ òtítọ́ fún ọmọ náà: nínú gbogbo ọwọ́ ẹ̀yìn tó lè mú, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mu ló mú. Họ́kì àwọn ará Kánádà ní àṣà kan tó ti pẹ́. Bí ẹnì kan bá fi ìkà kọlu ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó mọ eré ṣe, akíkanjú kan nínú ẹgbẹ́ náà yóò ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, yóò sì lọ bá onítọ̀hún wọ ìjà. Rẹfirí yóò wá há a mọ́ inú àhámọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá: ìṣẹ́jú méjì fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìjà. Ìṣẹ́jú 137 ni wọ́n kà sí Ndur lọ́rùn nínú ìdíje 69 yẹn. Irú iṣẹ́ yìí gan-an là ń pè ní gbígbèjà, n kò sì rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e tó o. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni ipò, ọ̀tọ̀ ni ìwà: ọwọ́ ẹ̀yìn ni Ndur, ó sì ń gbèjà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Yìnyín ńkọ́? Ọ̀run ni yìnyín ti ń já bọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń gbé e wá, tí yóò máa lu páànù gbàgà-gbàgà, tí àwọn ọmọdé yóò sáré lọ ṣà á. Obìnrin tó ń ta sóbò ní ọjà Wuse kì í ra yìnyín. Áìsì bùlọ́ọ̀kù ló ń rà, ìyẹn omi tó dì nínú fíríìsà. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ṣọ́ra gidigidi níbí. Nínú Orin Dáfídì 147 nìkan, òjò dídì wà níbẹ̀, ìrì dídì wà níbẹ̀, omi dídì náà wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Yìnyín ni wọ́n pe èyí tó bọ́ lu ilẹ̀ Íjíbítì láyé Mósè. Ilẹ̀ tí Ndur gbá họ́kì lé kò já bọ́ láti ibì kankan: kọ̀ǹkéré ni wọ́n fi ẹ̀rọ mú tutù, tí wọ́n ń da omi sí lórí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí yóò dì, tí wọ́n á tún da òmíràn, títí yóò fi nípọn. Omi dídì ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe ti inú fíríìjì ní yìnyín, n kò sì ní torí ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú bírò láti kọ̀wé kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin di ẹyọ kan.

Ó tún kọ ọ́ pé Ndur "ń yọ̀ lórí yìnyín". Rárá o. Ilẹ̀ ló ń yọ̀, ẹsẹ̀ ẹni ló ń yọ̀, ìṣubú ló sì máa ń tẹ̀lé e. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ni. Bó bá sì kọ ọ́ ní yọ́, omi dídì ló ń yọ́, tàbí kẹ̀ ènìyàn ń yọ́ rìn bí olè. Bàtà tó ní abẹ irin lábẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ Ndur, ó sì ń sáré ni. Kí ó kọ ọ́ pé ó ń sáré lórí omi dídì. Họ́kì fúnra rẹ̀ kò ṣòro: gbígbá là ń gbá a, nítorí pé ọ̀pá ló ń gbá nǹkan lọ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ń pe ti orí pápá, èyí tó wà lára eré ìdíje gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní Abuja níbí ní oṣù kẹwàá ọdún 2003.

Mo ní kó fi ẹnì kan kún un. Ọ̀nà tó jáde ní Abuja lọ sí àríwá, tó gba Kaduna kọjá, ló dé Zaria. Èyí tó lọ sí gúúsù, tó gba Lokoja, ló dé Okene, níbi tí wọ́n bí Akim Aliu sí ní 1989. Ọwọ́ iwájú ló sábà máa ń wà, wọ́n ti fi í sí ọwọ́ ẹ̀yìn rí, ó sì gbá ìdíje méje fún Calgary Flames. Ní 2019, ó sọ ọ́ ní gbangba pé kóòṣì òun kan tẹ́lẹ̀ bú òun nítorí àwọ̀ òun. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun àti àwọn agbáhọ́kì mìíràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa gbèjà irú wọn. Níbẹ̀ yẹn, olùgbèjà tọ́ sí i, kò sì sí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ náà padà dé. Omi dídì ti gba ipò yìnyín, sísáré ti gba ipò yíyọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ ni pé Ndur jẹ́ "ọ̀wọ̀ ẹ̀yìn". Mo pè é. Mo ní, "Ọ̀wọ̀ ni o fi kí mi láàárọ̀, ọwọ̀ ni ìyá rẹ fi ń gbálẹ̀, ọ̀wọ́ ni àgùntàn máa ń kó rìn. Ọwọ́ ni tìrẹ yìí, bí ọwọ́ ọ̀tún, bí ọwọ́ òsì." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àǹtí, àmì mélòó ni kí n wá fi sí i?" Ẹyọ kan ni, lókè, lórí ọ kejì.