Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Iṣẹ́ Náà?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àkóso yàrá ìwádìí ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Vivien Thomas fún yín. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, ní Amẹ́ríkà, ìwé rẹ̀ kò kọjá sẹ́kọ́ńdírì. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe fún Dókítà Alfred Blalock ní Yunifásítì Vanderbilt, owó agbálẹ̀ ni wọ́n ń san fún un. Nígbà tí Blalock fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ọmọ kékeré kan ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore ní 1944, Thomas gun àpótí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tọ́ ọ sọ́nà bí yóò ṣe rán an, torí òun ló ti fi ajá dán an wò títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Àpilẹ̀kọ lórí iṣẹ́ abẹ náà jáde ní 1945: orúkọ Blalock àti ti Dókítà Helen Taussig, akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hopkins, ló wà níbẹ̀; ti Thomas kò sí. Blalock mọyì Thomas o, òun ló mú un wá sí Baltimore. Ṣùgbọ́n orí ìwé ńkọ́? Ó di 1976 kí Hopkins tó fi oyè dókítà dá Thomas lọ́lá.

Nítorí náà, ẹ jọ pinnu orúkọ tí yóò wọ àpilẹ̀kọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan kọ́ o. Ẹ wo ẹni tó ń fọ ìgò, tó tún ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé: bó bá jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo náà ni lójoojúmọ́, ẹ pín iṣẹ́ náà. Ìpàdé aago méje alẹ́ kò rọrùn fún abiyamọ. Ẹ gbé e sí ọ̀sán. Ọmọ tí kò rówó ọkọ̀ kò lè ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún yín. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ńkọ́, ṣé ọwọ́ rẹ̀ tó tábìlì yín?